Èémí Ombongi Kò Gbọdọ̀ Kéré sí ti Mairura

Ẹni tó ń fi òkúta rírọ̀ gbẹ́ ère ní Tabaka, ìlú wa, kì í fi ọwọ́ nu eruku ojú iṣẹ́ rẹ̀. Ó máa ń fẹ́ ẹ dànù ni. Ọwọ́ kan di òkúta mú, ọwọ́ kejì di ọ̀bẹ mú, ẹnu nìkan ló kù. Yóò wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò ti ahọ́n mọ́ ẹ̀yìn eyín, yóò sì tu atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: pùù! Eruku á fò kúrò nínú ihò etí erin tàbí abẹ́ apá ẹyẹ, ọ̀bẹ á sì tún rí ọ̀nà. Àyà kò lọ́wọ́ sí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ahọ́n ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ tí àyà ń ṣe kò ju kí ó fa eruku náà padà sínú lọ.

Ombongi, bàbá tó bí ìyá mi, ti ń fẹ́ eruku báyìí láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù títí gbogbo rẹ̀ fi di funfun. Lábẹ́ àtíbàbà àwọn agbẹ́kùúta, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n fẹ́ bíi tirẹ̀. Ó tún mọ nǹkan kejì ṣe, ìyẹn ni ìlara. Kò tú u ká. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe é sí.

Mairura ni ẹni náà. Àkókò òtútù kan náà ni wọ́n kọ wọ́n nílà abẹ́ tó ń sọ ọmọdé di ọkùnrin, inú ahéré kan náà ni wọ́n sì jókòó sí títí ojú ọgbẹ́ fi jiná. Lọ́jọ́ ìkọlà yẹn àgbà kan sọ pé, “Ẹni gíga yẹn dúró bí òpó.” Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan nípa ẹni kúkúrú tó dúró tì í. Ombongi kò gbàgbé. Nígbà tí màlúù Mairura bí ìbejì, bàbá mi àgbà sọ pé wàrà tó wà nínú tíì ń rùn, bẹ́ẹ̀ láti ara màlúù Ombongi fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti fún wàrà náà. Nígbà tí Mairura kan páànù sórí ilé, ó ní ariwo òjò yóò dí wọn létí. Nígbà tí ìyàwó Mairura kú, ó lọ síbi ìsìnkú, ó bá wọn gbé pósí, ó padà wálé, ó jókòó, ó sì wo Bosibori, ìyàwó tirẹ̀, títí.

“Ìyá Kerubo, ṣé o rí èrò yẹn?”

“Mo rí wọn.”

“Wọn ò ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tìẹ.”

“Bàbá Kerubo, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kú ná kí ẹ tó máa kà wọ́n.”

Irú ọkùnrin tó jẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe ìkà. Kì í lu ẹnikẹ́ni, kì í jalè, kò sì sí ọjọ́ tí ilé rẹ̀ sùn láìjẹun. Ó kàn jẹ́ pé kò ní nǹkan kan rí láyé tó lè gbádùn kí ó tó kọ́kọ́ yẹ ti Mairura wò.

Ọdún tí ikọ́ àwọn àgbàlagbà pọ̀ lábẹ́ àtíbàbà ni Kwamboka, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré ìsàlẹ̀ ọjà, gbé àpótí kan wá bá wọn. Ọ̀pá oníhò ló wà nínú rẹ̀, ó gùn tó ìka ọwọ́ méjì, ó ní ẹnu ní ìpẹ̀kun kan, wọ́n sì to nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kékeré kan tó ń sún. Bí èèyàn bá fẹ́ ẹ, abẹ́rẹ́ á sáré lọ sókè, á sì dúró síbi tí agbára èémí ẹni náà gbé e dé.

“Fèrè tí kì í dún,” ni Mairura wí. “Nọ́ọ̀sì, ṣé kí á máa jó sí i ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kwamboka náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn wọ́n. Kí èèyàn dìde dúró. Kí ó ti abẹ́rẹ́ padà sísàlẹ̀ pátápátá. Kí ó mí kanlẹ̀ títí àyà á fi kún, kí ó pa ètè dé mọ́ ẹnu ọ̀pá náà, kí ó sì fi gbogbo agbára àyà tú u jáde lẹ́ẹ̀kan, kíákíá. Kí ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó mú èyí tó ga jù. Láàárọ̀, kí ó tó jáde. Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́.

“Ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa,” ni ó wí. “Kì í ṣe ìdíje. Ẹni gíga ní àyà gígùn, nọ́ńbà tirẹ̀ á ga. Ẹni kúkúrú, tirẹ̀ á kéré, kò sì ṣàìsàn. Ọjọ́ orí náà máa ń fà á wálẹ̀. Ara yín ti àná ni kí ẹ máa fi ara yín ti òní wé. Bí ẹ bá wà nítòsí èyí tó dára jù tí ẹ ti fẹ́ rí, ewé tíì nìyẹn, tútù yọ̀yọ̀, ẹ máa bá tiyín lọ. Bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ bá ti lọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń pọ́n nìyẹn, ẹ wá rí mi. Bí ó bá wálẹ̀ dé ìdajì, pupa ni. Ẹ má jẹun kí ẹ tó máa bọ̀.”

Ó fún olúkúlùkù ní ọ̀kan. Mairura fẹ́ tirẹ̀: irínwó ó dín ogún. Ombongi fẹ́ tirẹ̀: ọ̀ọ́dúnrún. Láti ìgbà yẹn lọ, etí bàbá mi àgbà kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́.

Lọ́nà ilé ó dúró lójijì, ó kọjú sí mi.

“Ìwọ tó o lọ sí yunifásítì. Ọ̀ọ́dúnrún àti irínwó ó dín ogún, èwo ló ju èkejì?”

Mo ṣàlàyé. Mo ní bí wọ́n bá fi gíga àti ọjọ́ orí ṣírò ó, ọ̀ọ́dúnrún tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Mairura. Mo ní bàtà Mairura náà tóbi ju tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń pe ìyẹn ní ìlera.

“Mi ò bi ọ́ léèrè bàtà,” ló wí. “Kò tó kí wọ́n bí i ní gíga, wọ́n tún gbé ọ̀pá wá láti fi wọ̀n ọ́n fún mi rí.”

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó rí ọ̀nà. Àárọ̀ ni, ó ń gbẹ́ ẹyẹ kan níwájú ilé, Bosibori ń da tíì, èmi ń bọ́ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó fẹ́ eruku kúrò lọ́rùn ẹyẹ náà, pùù! Ó dúró. Ó wo ẹyẹ, ó wo ọ̀pá nọ́ọ̀sì tó wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mú un, ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ti ahọ́n mọ́ eyín, pùù! Abẹ́rẹ́ fò lọ sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó dín ogún.

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ikọ́.

Mo sọ fún un pé ẹ̀tàn ni. Mo ní ẹnu ló fi tì í, kì í ṣe àyà, àti pé bí èèyàn bá tutọ́ sínú ọ̀pá yẹn pàápàá, abẹ́rẹ́ á fò.

“Ẹnu ta ni mo fi fẹ́ ẹ?” ló bi mí. “Àbí ẹnu Mairura ni mo yá?”

“Bàbá, àyà yín ni wọ́n fẹ́ wọ̀n.”

“Ibi tó bá ti jáde ni ó jáde. Lọ bọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ó gbé ọ̀pá náà lọ sábẹ́ àtíbàbà, ó sì fẹ́ ẹ lójú gbogbo wọn. Àwọn agbẹ́kùúta pariwo. Mairura gbìyànjú tirẹ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ wọn, abẹ́rẹ́ dúró síbi tó máa ń dúró sí.

“Ẹlẹgbẹ́ mi,” ni Mairura wí, “ta ló fún ọ ní àyà màlúù?”

“Ẹni tó fún ọ lẹ́sẹ̀ àgùnfọn ni. Ó rántí mi nígbẹ̀yìn.”

N kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí mo gboyè. Lọ́jọ́ tí mo gboyè, ó bi mí bóyá ọmọ Mairura kankan ti gbà á rí.

Lẹ́yìn náà ni òjò ńlá wọlé, òtútù tẹ̀lé e, àwọn agbẹ́kùúta sì kó iṣẹ́ wọ inú yàrá, níbi tí eruku kò ti rí ọ̀nà jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kan abẹ́rẹ́ Mairura dúró sí ọ̀ọ́dúnrún ó dín mẹ́wàá. Ó tún un fẹ́, ibẹ̀ náà ló dúró sí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pọ́n. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó lọ bá Kwamboka. Wọ́n yẹ àyà rẹ̀ wò, wọ́n fún un ní oògùn tí wọ́n ń mu àti oògùn tí wọ́n ń fẹ́ sí ẹnu fà sínú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì sọ fún un pé kò gbọdọ̀ gbẹ́ òkúta gbígbẹ mọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń da omi sí òkúta kí ọ̀bẹ tó kàn án, ó ń fi aṣọ di imú, ó sì gbé ìjókòó rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó ń fi omi àti sáńpépà fá iṣẹ́, lábẹ́ àtíbàbà níta gbangba.

“Ìyàwó wa tuntun!” ni Ombongi ń pè é láti inú yàrá. “Ṣé wọ́n ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́?”

Mairura dáhùn pé, “Wọ́n ti kọ́ mi. Gbé tìẹ wá, ó dọ̀tí.”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, Ombongi sì gbé ìbínú yẹn wálé bí ẹni gbé igi ìdáná. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín wọn ló dùn ún jù. Oògùn yẹn ni. Mairura so ó mọ́ okùn kan sí ọrùn, ike kékeré aláwọ̀ ojú ọ̀run. Bí ó bá ti fà á, àwọn èèyàn á dákẹ́, wọ́n á wò ó, wọ́n á bi í bóyá ara ti balẹ̀.

“Kí ló ní tí èmi ò ní tí wọ́n fi fún un?” ni bàbá mi àgbà bi Bosibori.

“Àìsàn.”

“Èmi náà ń ṣàìsàn!”

“Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lánàá pé ara yín le ju tirẹ̀ lọ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀.”

Kò sí ọ̀nà méjì. Bí ó bá fẹ́ oògùn, àfi kí ó fẹ́ nọ́ńbà tó kéré. Kò sì lè fẹ́ nọ́ńbà tó kéré ní ìlú tí Mairura ń gbé.

Bẹ́ẹ̀ èémí rẹ̀ ti ń tán. Láti inú kòtò òkúta dé ilé wa, òkè kékeré kan ló wà láàárín. Ó ti ń gùn ún láìwo ẹsẹ̀ láti kékeré, ó wá di ohun tó ń jókòó sí láàárín rẹ̀. Ó ń sùn ní ìjókòó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń já sí méjì kí ó tó parí. Ìdí èékánná rẹ̀ ń dúdú. Bosibori rí gbogbo rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́. Ìdáhùn kan náà ni: yóò na ọwọ́ mú ọ̀pá, yóò wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, pùù!

“Wò ó. Ewé tíì.”

Lẹ́yìn náà yóò di ojú, yóò sì fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún kí èémí tó padà bá a. Ẹ̀rọ tí wọ́n fún un kí ó lè máa kìlọ̀ fún un ti di ẹlẹ́rìí èké, òun fúnra rẹ̀ ló sì fún un lábẹ̀tẹ́lẹ̀. N kò káàánú rẹ̀ nígbà yẹn. Bosibori ni mo ń wò. Ó ti dín obokima, oúnjẹ òkèlè wa, tó ń rò kù, nítorí pé ọkọ rẹ̀ kò lè jẹ òkèlè kí ó sì tún mí pọ̀ mọ́.

Òwúrọ̀ tí òkèlè kejì há a lẹ́nu, tí ètè rẹ̀ rí bí eérú, Bosibori ránṣẹ́ sí Mairura. Kò ránṣẹ́ sí pásítọ̀, kò ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀. Mairura fi ẹsẹ̀ gun òkè wá, ọlọ́kọ̀ kan tó pè sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

“Mò ń lọ gba oògùn mi lọ́dọ̀ Kwamboka,” ló wí. “Wọ́n ní tuntun dé. Mo kàn ní kí n kí yín.”

Bàbá mi àgbà gbé orí sókè.

“Tuntun… wo?”

“Mi ò tíì rí i. Wọ́n ní kò pọ̀.”

“Kí wọ́n… má kó gbogbo rẹ̀… fún ọ.” Ó dìde. Àwa mẹ́ta la gbé e wọ ọkọ̀, ó sì ń ti ọwọ́ wa dànù títí a fi jókòó.

Ní ilé ìwòsàn, Kwamboka wo ètè rẹ̀, ó fi nǹkan kékeré bí èyí tí wọ́n fi ń há aṣọ mọ́ okùn há a ní ìka, ó wo nọ́ńbà tó yọ lójú rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ránṣẹ́ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀.

“Ọkọ̀… kí ni?” ni Ombongi bi í. “Gbé fèrè yẹn wá.”

Ó já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, pùù! Pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń ṣe é, abẹ́rẹ́ náà ṣì fò dé irínwó.

“Ewé tíì,” ló wí. “Mò ń lọ sílé.”

Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì rí ohun tó ń ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Bàbá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ fi ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n di ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín mú, kí ẹ fi àyà fẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré.”

“Kì í ṣe… lójú ọkùnrin yìí.”

“Bàbá Mairura, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde.”

“Bó bá jáde… á yọjú lójú fèrèsé.” Ó ti dì mọ́ òpó ilẹ̀kùn. “Mo fẹ́ irínwó. Ẹni tó fẹ́ irínwó… kì í gun ọkọ̀ aláìsàn.”

“Ẹ̀ ń kú lọ, Bàbá. Bí ẹ bá délé, ẹ ò ní rí ọ̀la.”

“Mo ti gbọ́. Mairura… ló ní kí o sọ bẹ́ẹ̀.”

Bosibori jókòó sílẹ̀. Ó ti bẹ̀ ẹ́ tán. Èmi náà ti ṣàlàyé tán, gbogbo ìwé tí mo kà kò ní ọ̀rọ̀ kankan mọ́ tó lè yí ọkùnrin yẹn padà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan ṣoṣo nínú yàrá náà ló mọ irú ọ̀rọ̀ tí Ombongi máa ń gbọ́.

“Ẹ jẹ́ kó máa lọ,” ni Mairura wí. Ó fà sẹ́yìn, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ti rẹ̀. “Èmi ni ọkọ̀ náà ń bọ̀ wá gbé. Ogóje ni mo fẹ́ láàárọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì kàn ń wá ẹni tó máa bá mi lọ ni. Bí kò bá lọ, àyè á gbà mí dáadáa.”

Irọ́ ni. Èmi mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí pé ó ti gun òkè wá sílé wa láàárọ̀ yẹn láìdúró. Kwamboka náà mọ̀. Ó ń fi aṣọ nu ẹnu ọ̀pá náà, kò gbójú sókè.

“Ogóje?” ni Ombongi wí. Ó ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀. “Ìwọ?”

“Ogóje, láti inú àyà. Wọ́n di mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìwọ ò lè fẹ́ tó ìyẹn bí wọ́n bá dì ọ́ mú. Ẹnu nìkan ni gbogbo tìẹ.”

Bàbá mi àgbà wò ó. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó sì na ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì sí nọ́ọ̀sì bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fọ ojú fún. Ó mí kanlẹ̀. A gbọ́ ọ bó ṣe ń họ àyà rẹ̀. Ó fẹ́ ẹ. Kò dún pùù. Ó dún bí ẹni tó ń kérora sínú ìkòkò. Abẹ́rẹ́ gùn díẹ̀, ó dúró.

“Àádọ́jọ,” ni Kwamboka wí pẹ̀lẹ́. “Ìdajì ohun tí ẹ fẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Pupa ni, Bàbá.”

“Àádọ́jọ!” Ó kọjú sí Mairura, omi ti dé ojú rẹ̀. “Mo fi mẹ́wàá… jù ọ́!”

“O fi mẹ́wàá jù mí.”

“Pupa tèmi… ga ju pupa tìẹ.”

“Ó ga jù ú, ẹlẹgbẹ́ mi. Máa bọ̀, ọkọ̀ ti dé.”

Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí ọkọ̀ náà, ó sì kọ́kọ́ wọlé, kí Mairura má baà jókòó síbi tó dára.

Dókítà ilé ìwòsàn ńlá kò fi epo bọ iyọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní eruku òkúta tó ti di àpá nínú ẹ̀dọ̀fóró kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àìsàn òtútù tó bọ́ sórí rẹ̀ ló fẹ́ pa á, wọ́n sì lè wo ìyẹn. Wọ́n wò ó. Ó ní bí wọ́n bá ti gbé e wá nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ gba oògùn, apá tó pọ̀ nínú ohun tó sọnù ìbá ṣì wà. Bosibori ni dókítà sọ ìyẹn fún. Ó tẹ́tí sí i títí tó fi parí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bọ́ síta lọ jókòó.

Bàbá mi àgbà kò gbẹ́ òkúta mọ́. Láti orí ibùsùn dé ìdí ààrò ni gbogbo ìrìn rẹ̀. Láràárọ̀, Bosibori á fi ìka méjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, Ombongi á fẹ́ fèrè yẹn bó ṣe yẹ, wọ́n á sì wo abẹ́rẹ́ pọ̀. Ike aláwọ̀ ojú ọ̀run wà lọ́rùn òun náà báyìí. Ó bi Kwamboka bóyá tòun tóbi ju ti Mairura.

Mo bi Mairura ìdí tó fi purọ́. Ó ní, “Kò lè lọ nítorí ara rẹ̀. Kò lè lọ nítorí ìyá rẹ àgbà. Nítorí tèmi nìkan ló fi lè lọ.” Kò fi ṣògo, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye ẹsẹ̀ tí àga ní. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí ìyẹn rọ ọkàn mi. Kò rọ̀ ọ́. Obìnrin kan bẹ ọkọ rẹ̀ fún gbogbo àkókò òjò, kò gbọ́. Ọ̀tá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn sọ gbólóhùn kan, ó gbọ́. N kò lè pe ìyẹn ní ìwòsàn.

Títí di òní kò mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá wá kí i ló ń sọ fún pé ọjọ́ tí àwọn méjèèjì fẹ́ẹ̀ kú, òun ló ní èémí jù. Bí Mairura bá wà níbẹ̀, á mi orí. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́, tí àwọn agbẹ́kùúta bá ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, tí Mairura ń gun òkè níwájú ilé wa láìdúró, tó sì tún ń bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ bó ṣe ń gùn ún, bàbá mi àgbà á ní atẹ́gùn ti pọ̀ jù, kí Bosibori bá òun pa ilẹ̀kùn dé.